Àsìkò Oko Ríro: Ìgbà tí Èpò Ń Ba Irè Oko Jẹ́

Oko ríro ni iṣẹ́ tí àgbẹ̀ ń ṣe láti mú èpò kúrò láàrin ohun ọ̀gbìn, kí ohun tí ó gbìn lè rí omi, oúnjẹ inú ilẹ̀ àti ìmọ́lẹ̀ oòrùn lò. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé kì í ṣe bí a ṣe ń ro oko, bí kò ṣe ìgbà tí ó yẹ kí a ro ó. Àgbẹ̀ méjì lè ro oko wọn lẹ́ẹ̀mejì-lẹ́ẹ̀mejì nínú sáà kan, kí wọ́n san iye owó kan náà fún alágbàṣe, síbẹ̀ kí ọ̀kan kó àgbàdo wálé, kí èkejì sì kó pòròpórò. Ohun tí ó wà láàrin wọn lè má ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ.

Ohun tí à ń pè ní èpò

Èpò kì í ṣe orúkọ ewéko kan pàtó. Ewéko yòówù tí ó bá hù síbi tí a kò ti fẹ́ ẹ ni èpò. Tẹ̀tẹ̀, ebòlò àti gbúre jẹ́ èpò láàrin ebè àgbàdo, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ro oko lè ṣà wọ́n sọ́tọ̀ fún ọbẹ̀ alẹ́. Ní ti àwọn tí a kì í jẹ, imí eṣú, gbégi àti abẹ́rẹ́ olóko máa ń hù láti inú irúgbìn lọ́dọọdún, wọn a so, wọn a sì kú. Ẹ̀kan kì í tètè kú bẹ́ẹ̀, nítorí pé inú ilẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Ewé kan tún wà tí ó wá láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó sì gba oko káàkiri gúúsù Nàìjíríà: àwọn kan ń pè é ní ewé Akíntọ́lá, àwọn mìíràn ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀. Ó hàn gbangba pé ìṣèlú Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ kò mọ sí ìgboro nìkan.

Èdè Yorùbá ya ọ̀nà mẹ́ta tí a fi ń bá èpò jà sọ́tọ̀, ìyàtọ̀ náà sì ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ àsìkò. Àdá ni a fi ń ṣán oko: ó ń gé èpò lórí, ó sì ń fi gbòǹgbò sílẹ̀ nínú ilẹ̀, nítorí náà èpò yóò tètè rú padà. Ọkọ́ ni a fi ń ro oko: ó ń gé èpò nídìí, ó sì ń tú ojú ilẹ̀. Ọwọ́ ni a fi ń fa èpò tu: ó lọ́ra, ṣùgbọ́n òun ni kì í pa gbòǹgbò ohun ọ̀gbìn lára tó bẹ́ẹ̀. Oko kòkó ni a sábà máa ń ṣán, a kì í sábà fi ọkọ́ ro ó, nítorí pé gbòǹgbò tí kòkó fi ń jẹun kò jìn sílẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé òun ṣán oko àgbàdo lọ́sẹ̀ kẹta kò tíì sọ pé òun ro ó.

Sáà ewu

Gbogbo àgbẹ̀ ni ó mọ̀ pé èpò ń dín irè kù. Ohun tí ó gba ìwádìí ni láti mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ọjọ́ tí èpò fi wà lóko ni ó ń dín in kù lọ́nà kan náà. Ní 1968, Nieto, Brondo àti González, tí wọ́n ṣiṣẹ́ lórí àgbàdo àti ẹ̀wà ní Mẹ́síkò, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde tí ó sọ èrò yìí di gbajúmọ̀ láàrin àwọn onímọ̀ èpò: sáà kan wà nínú ìgbésí ayé ohun ọ̀gbìn tí èpò kò gbọ́dọ̀ bá a gbé. Ní tiwọn, nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ó ṣe kókó jù. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, sáà ewu ni a ó máa pe àkókò náà.

Bí a ṣe ń wá sáà ewu rí yẹ kí ó yé akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé iye ọ̀sẹ̀ tí ìwé ń kà sílẹ̀ kò nítumọ̀ láìsí i. Wọn a pín oko sí ìpín púpọ̀, ní ọ̀wọ́ méjì. Ní ọ̀wọ́ kìn-ín-ní, wọn a jẹ́ kí èpò bá ohun ọ̀gbìn hù: ní ibì kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, ní ibòmíràn fún mẹ́rin, ní òmíràn fún mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ni wọn a tó ro ó, wọn kò sì ní jẹ́ kí èpò tún yọjú níbẹ̀ títí di ìkórè. Ní ọ̀wọ́ kejì, ìdàkejì ni wọn ń ṣe: wọn a ro ibẹ̀ mọ́ tónítóní láti ọjọ́ ìgbìn fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́rin tàbí mẹ́fà, lẹ́yìn náà wọn a pa á tì kí èpò ṣe bí ó ti fẹ́. Nígbà ìkórè, wọn a fi ohun tí ìpín kọ̀ọ̀kan so wé ti ibi tí a kò jẹ́ kí èpò hù rárá.

Ọ̀wọ́ kìn-ín-ní ń sọ ìgbà tí a kò gbọ́dọ̀ fi ìbẹ̀rẹ̀ falẹ̀ mọ́. Ọ̀wọ́ kejì ń sọ ìgbà tí a lè dẹwọ́. Àárín méjèèjì ni sáà ewu. Níwọ̀n bí kò ti sí oko tí èpò kò ní jẹ nǹkan kan níbẹ̀, àwọn olùwádìí sábà máa ń gbà pé kí àdánù má ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Stevan Knezevic àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé ọ̀nà ìṣirò yìí yékéyéké ní 2002. Ìdá márùn-ún yìí jẹ́ àdéhùn, kì í ṣe òfin àdáyébá. Àgbẹ̀ tí ó jẹ́ pé hẹ́kítà kan ṣoṣo ni oúnjẹ ọdún rẹ̀ lè má gbà á.

Ohun méjì ni ìwádìí irú èyí ń fi yéni, èkejì sì ni ó sábà ń ya àwọn ará oko fúnra wọn lẹ́nu. Àkọ́kọ́ ni pé èpò tí ó pẹ́ kí ó tó hù kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe ibi, nítorí pé ewé ohun ọ̀gbìn ti bo ilẹ̀, òjìji rẹ̀ sì ti ń bá àgbẹ̀ ṣiṣẹ́. Èkejì ni pé ríro tí ó pẹ́ kì í dá ohun tí ó ti sọnù padà. Oko tí a ro mọ́ bí ojú ọgbà ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án lè dùn ún wò, kí ó má sì so.

Ìdí tí ìbẹ̀rẹ̀ fi ṣe pàtàkì

Àgbàdo tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù kò tíì ní gbòǹgbò tí ó jìn. Èpò tí ó yí i ká pọ̀ jù ú lọ níye, ó sì ń yára fa èròjà naitirójìn inú ilẹ̀ mu. Ìyẹn kò ṣòro láti rò. Ohun tí kò hàn sójú ni pé ìpalára lè bẹ̀rẹ̀ kí ìjà lórí omi àti oúnjẹ tó bẹ̀rẹ̀. Clarence Swanton àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní University of Guelph ní Kánádà fi hàn pé àgbàdo ń mọ̀ pé èpò wà nítòsí láti inú ìmọ́lẹ̀ tí ó ń ta padà lára ewé èpò. Ewé tútù máa ń gba ìmọ́lẹ̀ pupa mọ́ra, ó sì ń ta èyí tí ó kọjá pupa, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn sí ojú ènìyàn, padà. Bí irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti pọ̀ lára àgbàdo, yóò yí ìdàgbàsókè rẹ̀ padà: yóò máa na ara rẹ̀ sókè, gbòǹgbò rẹ̀ yóò sì kéré sí bí ó ti yẹ kí ó rí. Èpò kò tíì ga dé orúnkún rẹ̀, kò tíì mu omi rẹ̀, síbẹ̀ ó ti yí i lérò padà.

Ohun mìíràn tún wà. Ní nǹkan bí ìgbà tí ewé àgbàdo ń lọ sí mẹ́jọ ni iye ìlà hóró tí yóò wà lórí ṣùkù rẹ̀ ń di pípinnu. Ìyẹn bọ́ sí bí oṣù kan lẹ́yìn ìgbìn, nígbà tí ẹni tí kò mọ̀ yóò máa sọ pé àgbàdo náà ṣì kéré, ọjọ́ ṣì ń bẹ.

Bí ó ti rí lára ohun ọ̀gbìn kọ̀ọ̀kan

Lórí ilẹ̀ wa, ríro àgbàdo àkọ́kọ́ yẹ kí ó wáyé láàrin ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta lẹ́yìn ìgbìn, èkejì láàrin ọ̀sẹ̀ karùn-ún sí ìkẹfà. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹjọ, àgbàdo tí a gbìn ní ìwọ̀n tí ó yẹ ti lè dá dáàbò bo ara rẹ̀. Ẹ̀wà kò yàtọ̀ púpọ̀ sí i, àfi pé sáà tirẹ̀ kúrú: bí ó bá ti kọjá bí ọ̀sẹ̀ kẹfà tí ewé rẹ̀ sì ti tàn, kò sí ewu púpọ̀ mọ́. Ìrẹsì orí ilẹ̀ gbígbẹ ń fẹ́ kí a tètè ro ó bíi ti àgbàdo, ìṣòro rẹ̀ sì ni pé àwọn koríko kan jọ ọ́ nígbà èwe tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé oko fi lè fa ìrẹsì tu kí ó fi koríko sílẹ̀.

Ẹ̀gẹ́ ni ó yẹ kí a dúró lé lórí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹ̀gẹ́ kò ní wàhálà, pé ibi tí a bá fi í sí ni yóò ti ta. Òótọ́ ni pé ó lè fara da ọ̀dá àti ilẹ̀ tí kò lọ́ràá. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ kì í yára nígbà èwe. Bí a bá gbìn ín ní mítà kan sí ara wọn, bí ìṣe tí a dámọ̀ràn, ó lè gbà á ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí ewé rẹ̀ tó pàdé láti bo ilẹ̀. Oṣù mẹ́ta yìí ni èpò fi ń rí oòrùn lò láìsí ìdíwọ́, òun náà sì ni àkókò tí ẹ̀gẹ́ ń dá gbòǹgbò tí yóò di iṣu rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà ni a fi ń dámọ̀ràn pé kí a ro ó ní bí ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìkẹjọ àti ìkejìlá. Ẹ̀gẹ́ tí a kò ro rárá lè pàdánù ju ìdajì ohun tí ì bá ta lọ. Irú ẹ̀gẹ́ tí ó ń pẹ̀ka nísàlẹ̀ a máa tètè bo ilẹ̀ ju èyí tí ó ga gbọọrọ lọ, nípa bẹ́ẹ̀ irú tí àgbẹ̀ yàn ti pinnu apá kan nínú iye ìgbà tí yóò ro oko.

Iṣu le ju ẹ̀gẹ́ lọ ní ọ̀nà yìí. Itàkùn rẹ̀ ń gun òpó lọ sókè, ewé rẹ̀ kò sì bo ilẹ̀ dáadáa títí di òpin. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́yìn tí ó bá hù ni ó nílò ààbò, òjìji tí ó yẹ kí ó ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ kò sì tó. Ẹ̀gúsí tí àwọn ìyá wa ń gbìn sí ìdí ebè kì í ṣe ohun àfikún fún ọbẹ̀ nìkan. Itàkùn rẹ̀ ń tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ ní àwọn ọ̀sẹ̀ tí ó léwu jù, kò sì sí àyè fún èpò lábẹ́ rẹ̀. Okezie Akobundu, onímọ̀ èpò tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn, tí ó sì kọ ìwé ńlá lórí èpò ilẹ̀ olóoru ní 1987, wà lára àwọn tí wọ́n fi ìwádìí sáyẹ́ǹsì gbe irú ọgbọ́n yìí lẹ́sẹ̀.

Ọwọ́ mélòó ni yóò ro ó?

Mímọ ọ̀sẹ̀ tí ó yẹ kò tó bí ọwọ́ kò bá sí. Ìṣirò tí IITA máa ń tọ́ka sí ni pé hẹ́kítà ẹ̀gẹ́ kan lè gba igba sí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta wákàtí ríro nínú sáà kan. Ká mú ọ̀ọ́dúnrún wákàtí, kí a sì pín in sí ríro mẹ́ta: ọgọ́rùn-ún wákàtí ni fún ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ẹni kan tí ó ń ro oko fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ yóò lo ọjọ́ mẹ́tàdínlógún kí ó tó ro hẹ́kítà kan tán lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá gbin hẹ́kítà méjì, ọjọ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Láti ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹjọ kò sì ju ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n lọ. Èyí ni pé àsìkò ríro kejì yóò dé bá ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí kò tíì ro àkọ́kọ́ tán. Láti ìgbà náà lọ, ẹ̀yìn èpò ni yóò máa sáré.

Nítorí náà, ohun tí ń pinnu bí oko ìdílé ṣe tóbi tó kì í ṣe ilẹ̀ tí wọ́n ní, kì í sì í ṣe ebè tí wọ́n lè kọ. Iye tí wọ́n lè ro lásìkò ni. Ẹni tí ó gbin hẹ́kítà méjì tí ó sì ro ó pẹ́ lè kórè ohun tí kò ju ti ẹni tí ó gbin ọ̀kan lọ, kí ó sì ti ná ìlọ́po méjì lórí irúgbìn. Ẹlòmíràn ni ìdílé sì máa ń fi dí àlàfo náà. Àwọn obìnrin ni wọ́n ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú ríro ẹ̀gẹ́. Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ríro ohun tí a gbìn pẹ̀lú òjò àkọ́rọ̀ máa ń bọ́ sí oṣù Karùn-ún àti Ìkẹfà, nígbà tí ilé-ìwé wà lẹ́nu iṣẹ́ tí ìdánwò sì sún mọ́. Àga tí ó ṣófo ní kíláàsì lákòókò yìí, ìdí ebè ni ẹni tí ó ni ín máa ń wà.

Yorùbá ní ètò tirẹ̀ fún ìṣòro yìí. Nínú àáró, àwọn ẹgbẹ́ a máa ro oko ara wọn ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé, ọjọ́ tí a fún ẹnì kan ni yóò san padà. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ fún yóò pe ọ̀rẹ́, àna àti aládùúgbò, yóò fún wọn ní oúnjẹ, kò sì di dandan kí ó san án padà lọ́jọ́ kan pàtó. Àwọn tí ń kọ̀wé nípa àáró sábà máa ń yìn ín nítorí ìṣọ̀kan. Ti ìṣọ̀kan dára, ṣùgbọ́n ti àsìkò ni ó lágbára jù. Lójú ìṣirò, àáró kò fi wákàtí kan kún iṣẹ́ tí ènìyàn mẹ́fà lè ṣe. Ohun tí ó ṣe ni pé ó jẹ́ kí a lè to oko mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tẹ̀lé ọjọ́ tí a gbìn wọ́n: èyí tí a kọ́kọ́ gbìn ni a ó kọ́kọ́ ro, a ó sì ro ó tán ní ọjọ́ kan péré, nínú sáà ewu tirẹ̀ gan-an. Àáró tí a fi ọjọ́ orí tàbí ipò to, tí a kò fi ọjọ́ ìgbìn to, ti sọ àǹfààní yìí nù. Kíkà ọjọ́ pàápàá kò ṣòro. Ìtàdógún, tí í ṣe ọjọ́ mẹ́tàdínlógún bí a bá ka ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí mọ́ ọn, sún mọ́ ọjọ́ ríro àgbàdo àkọ́kọ́ gan-an.

Àwọn èpò tí kò tẹ̀lé ìlànà

Ẹ̀kan ni olórí wọn. Igi abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ni ó fi ń tàn. Bí ọkọ́ bá gé e sí mẹ́wàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè rú. Ẹnu rẹ̀ mú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń gún iṣu àti ẹ̀gẹ́ nínú ilẹ̀, kí ìdíbàjẹ́ tó gba ibẹ̀ wọlé. Fún irú èyí, kíkà ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn ìgbìn kò ní láárí púpọ̀, nítorí pé kí a tó gbìn rárá ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin, láti ìparí àwọn ọdún 1980, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ gba ìbátan wẹ̀rẹ̀pẹ̀ kan tí kì í yúnni, wọ́n ń gbìn ín sí ilẹ̀ tí ẹ̀kan ti gbà, kí ó fi òjìji pa á fún sáà kan kí àgbàdo tó tẹ̀lé e.

Striga, èpò olódòdó tí ó ń yọ àwọn àgbẹ̀ àgbàdo àti ọkà bàbà lẹ́nu ní ilẹ̀ ọ̀dàn apá àríwá, burú ní ọ̀nà mìíràn. Gbòǹgbò ọkà ni ó ń lẹ̀ mọ́ lábẹ́ ilẹ̀. Nígbà tí ó bá fi máa yọ sójú, ó ti ṣe ọ̀pọ̀ nínú ibi tí yóò ṣe. Fífà á tu nígbà náà kò gba ìkórè ọdún yìí là mọ́, síbẹ̀ ó yẹ kí a fà á kí ó tó so, nítorí pé hóró rẹ̀ kéré bí eruku, ó pọ̀ lọ súà, ó sì lè dùbúlẹ̀ nínú ilẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oògùn apakoríko àti ọjọ́ rẹ̀

Oògùn kò mú ọ̀rọ̀ àsìkò kúrò, ńṣe ni ó tún mú un le sí i. Èyí tí a ń fọ́n kí èpò tó hù gbọ́dọ̀ bá ilẹ̀ tútù pàdé láàrin ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìgbìn. Bí èpò bá ti yọ, owó ti ṣègbé. Èyí tí ń pa ewéko gbogbo, bíi glyphosate, kò mọ àgbàdo yàtọ̀ sí gbégi, kí a tó gbìn ni àyè rẹ̀ wà. Òfin náà ń yí padà: NAFDAC ti fòfin de paraquat láti ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní 2024 nítorí oró rẹ̀, nítorí náà ìwé àtijọ́ tí ó bá dámọ̀ràn rẹ̀ kò ṣeé tẹ̀lé mọ́.

Ìgbà tí ó yẹ kí ọkọ́ sinmi

Nínú Bíbélì Yorùbá, èpò ni ọ̀rọ̀ tí àwọn atúmọ̀ lò nínú òwe inú Mátíù orí kẹtàlá, níbi tí baálé ilé ti ní kí a fi èpò sílẹ̀ di ìgbà ìkórè. Ẹni tí ó ti ro oko rí lè rò pé ìmọ̀ràn tí ó lòdì sí iṣẹ́ àgbẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí baálé ilé náà ń bẹ̀rù, pé fífa èpò lè fa àlìkámà tu mọ́ ọn, jẹ́ òótọ́ fún èpò tí ó ti pẹ́. Ẹ̀pà ni àpẹẹrẹ tí ó súnmọ́ wa jù. Bí ẹ̀pà bá ti tanná tán, ìdí òdòdó náà ni yóò gún ilẹ̀ lọ láti di pádi. Ọkọ́ tí ó bá wọ ibẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ̀pà ni ó ń ro dànù. Ọwọ́ nìkan ni a lè lò, ibi tí èpò bá sì ti lẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀pà jù, a ó fi àdá kékeré gé e lórí, a ó sì fi gbòǹgbò rẹ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ tí a ó hú ẹ̀pà.